Kí Arìnrìn-àjò Tó Gbéra Lọ sí Ọgbà Àjàrà Ilẹ̀ Faransé

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá ìrìn-àjò ẹni tí ó fẹ́ lọ wo àwọn ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé mu gan-an, ẹni tí ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọtí wáìnì wò ní ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Owó ìrìn-àjò náà kò kéré, ọjọ́ tí ènìyàn yóò lò níbẹ̀ kò pọ̀, ilẹ̀ náà sì fẹ̀ lọ súà. Ẹni tí ó bá gbéra láìṣètò lè fi owó tí ó fi ọdún mẹ́ta tù jọ ní Kánò tàbí ní Jọ́ọ̀sì wo kìkì ojú fèrèsé ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn títì, kí ó sì padà wálé láìrí ohun kan sọ fún ará ilé.

Ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire tí ó ń gbé ní Òkè Ọya kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Ẹni tí ó máa ń ti Sókótó tàbí Máídúgùrì lọ ṣe ọdún nílé mọ̀ pé kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn ni wọ́n ń wá ọkọ̀, kì í sì í ṣe ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń ronú ibi tí wọn yóò sùn. Ọgbọ́n kan náà ni ìrìn-àjò ilẹ̀ Faransé ń fẹ́. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àṣìṣe tibẹ̀ wọ́n ju àṣìṣe ilé lọ.

IBI TÍ ÈNÌYÀN YÓÒ LỌ

Agbègbè tí wọ́n ti ń gbin àjàrà ní ilẹ̀ Faransé pọ̀. Champagne wà ní ìhà ìlà-oòrùn Páríìsì. Alsace wà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Jámánì. Bourgogne wà láàárín Páríìsì àti ìlú Lyon. Àwọn ọgbà Loire tẹ̀ lé odò tí ń jẹ́ orúkọ náà lọ títí dé etí òkun. Ti Rhône wà ní ìhà gúúsù, níbi tí àwọn Póòpù gbé ní ìlú Avignon ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Bordeaux ní tirẹ̀ wà ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, nítòsí òkun Àtìláńtíìkì.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́wàá dé gbogbo ibi wọ̀nyí. Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo, áḿbọ̀sì ẹni tí ó lé mẹ́fà. Fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, agbègbè mẹ́ta ti tó: kí ó lo ọjọ́ 2 ní Champagne, ọjọ́ 3 ní Bourgogne, ọjọ́ 3 ní Bordeaux, kí ó sì fi ọjọ́ 2 tí ó kù sílẹ̀ fún Páríìsì, ọ̀kan nígbà tí ó bá dé àti ọ̀kan nígbà tí ó bá ń padà bọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni yóò jẹ́ ẹsẹ̀ fún un. Láti Páríìsì dé Reims, tí í ṣe ìlú ńlá ní Champagne, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni ọkọ̀ ayára-bí-àṣá ń gbà. Láti Páríìsì dé Dijon ní Bourgogne jẹ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé, láti ibẹ̀ dé Beaune kò sì tó ààbọ̀ wákàtí. Láti ọdún 2017 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gba ènìyàn láti Páríìsì dé Bordeaux, ọ̀nà tí ó lé ní 500 kìlómítà. Ẹni tí ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Kánò láyé àtijọ́, tí ó sùn tí ó sì jí nínú rẹ̀, yóò ya ẹnu. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé owó ọkọ̀ náà kì í dúró sójú kan: ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù méjì ṣáájú lè san ìdajì ohun tí ẹni tí ó rà á lọ́jọ́ ìrìn yóò san.

ÀSÌKÒ TÍ Ó YẸ

Bí àgbẹ̀ alágbàdo ti ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ alájàrà ní ìgbà tirẹ̀. Ní ìgbà òtútù ni ó ń rẹ́ ẹ̀ka. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà ni àjàrà ń tanná. Láti ìparí oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹwàá ni ìkórè. Ẹni tí ó bá bá ìkórè níbẹ̀ yóò rí ohun ìran, ṣùgbọ́n ó lè má rí ẹni dá a lóhùn, nítorí kò sí àgbẹ̀ tí í fi èso tí ó ti gbó sílẹ̀ lórí igi láti gba àlejò. Nínú oṣù kẹjọ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ará Faransé a máa lọ lo ìsinmi, ilé àwọn alájàrà kéékèèké a sì máa wà ní títì. Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ni ó tura jù fún àlejò.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ àsìkò yìí. Ní Beaune, àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìkórè wà láti ọdún 1354. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ àyẹ̀wò wọn lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, wọ́n fi hàn pé láti ọdún 1988 ni ìkórè ti ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà ti àtijọ́, nítorí pé ayé ń gbóná sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbójú lé ìwé atọ́nà tí wọ́n tẹ̀ ní 40 ọdún sẹ́yìn lè dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kórè tán. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé tí ó fẹ́ lọ, ní ọdún tí ó fẹ́ lọ gan-an.

ÌWÉ ÀTI OWÓ

Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tí wọ́n ń pè ní Schengen ni ọmọ Nàìjíríà nílò. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Faransé wà ní Àbújá, ilé-iṣẹ́ kọ́ńsúlù rẹ̀ sì wà ní Èkó. Òfin gba ènìyàn láàyè láti kọ ìwé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tí ó dín sí 15 kí ó tó ṣe é. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà ti di yúrò 90 láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í sì í dá a padà fún ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún. Wọn yóò béèrè ìwé adójútòfò tí yóò lè san owó ìtọ́jú àìsàn tó yúrò 30,000 ó kéré tán, ìwé báńkì, ìwé láti ibi iṣẹ́, àti ẹ̀rí ibi tí ènìyàn yóò sùn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ìwé wọ̀nyí ń dáhùn: ǹjẹ́ ẹni yìí yóò padà sílé? Owó tí ẹnì kan dédé yá, tí ó dà sínú báńkì lọ́sẹ̀ tí ó fẹ́ kọ ìwé, kò dáhùn ìbéèrè náà. Owó iṣẹ́ tàbí ti ọjà tí ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù ni ó dáhùn rẹ̀. Títí ìwé àṣẹ náà yóò fi tẹ ènìyàn lọ́wọ́, kí ó má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, kí ó sì gba yàrá ní ilé ìtura tí yóò gbà kí ó yí ìpinnu padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pàdánù owó ńlá níhìn-ín kí wọ́n tó jáde kúrò nílé.

OPÓ ARÁ REIMS

Ní Champagne ni wọ́n ti ń ṣe ọtí tí ń hó kùṣùkùṣù, tí ó gbajúmọ̀ níbi ayẹyẹ káàkiri ayé. Òfin kò gbà kí wáìnì tí wọ́n ṣe níbòmíràn ní ilẹ̀ Faransé máa jẹ́ orúkọ yẹn. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro fún ẹni tí ó mọ ẹmu láti lóye. Ohun tí ń sọ omi ọ̀pẹ di ẹmu, tí ń mú un hó nínú kèrègbè, òun náà ni ó ń sọ omi èso àjàrà di ọtí: ìwúkàrà ni ó ń jẹ adùn inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Champagne, lẹ́yìn tí ọtí ti hó lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n a fi ṣúgà àti ìwúkàrà kún un, wọ́n a dé e mọ́ inú ìgò, kí ó lè hó lẹ́ẹ̀kejì níbi tí atẹ́gùn rẹ̀ kò ti lè jáde. Kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 15 nínú ìgò kí wọ́n tó tà á.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ìgò wọ̀nyí ń sùn. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ gbẹ́ kòtò ẹfun jínjìn sí abẹ́ ìlú Reims. Inú wọn ni díẹ̀ nínú àwọn ilé ọtí ń kó ọjà wọn pamọ́ sí títí di òní. Òtútù ibẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 12 lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, nítorí náà kí àlejò mú aṣọ òtútù dání, ìbáà ṣe oṣù kẹfà. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, láti ọdún 1914, tí ìbọn ńlá ń fọ́ ìlú náà, inú ihò wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ará Reims sá sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wọn ti ń kàwé.

Ní Reims náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ obìnrin kan, Barbe-Nicole Clicquot. Ọdún 27 péré ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1805. Láyé ìgbà náà, obìnrin tí ó ní ọkọ kò ní àṣẹ lórí òwò ara rẹ̀ lábẹ́ òfin Faransé, ṣùgbọ́n opó ní in. Ó di òwò náà mú, ó kó ọtí rẹ̀ gba ojú omi lọ sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà bí ogun ti ń parí ní ọdún 1814, ó sì di olówó ńlá kí ó tó kú ní ọdún 1866. Ọ̀rọ̀ opó ni ó wà lára ìgò ilé náà títí di òní. Àwọn ìyálọ́jà kò ní ṣàì rí ara wọn nínú ìtàn yìí.

ILẸ̀ TÍ OGÚN PÍN

Ní Bourgogne, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Níbẹ̀, orúkọ ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹni tí ó ni ín lọ. Oko méjì lè fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kí ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo pààlà láàárín wọn, kí ọtí ọ̀kan sì wọ́n ní ìlọ́po márùn-ún ju ti èkejì lọ, nítorí òkúta inú ilẹ̀ àti bí oòrùn ti ń là sí i. Àjọ UNESCO fi àwọn oko wọ̀nyí sínú ìwé ohun ajogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2015.

Àpẹẹrẹ kan ni Clos de Vougeot, ọgbà olódi tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 50. Àwọn mọ́ǹkì ni wọ́n dá a sílẹ̀ tí wọ́n sì ni ín fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Lónìí, títà àti ogún ti pín in fún nǹkan bí 80 olóko. Láti ìgbà Napoleon ni òfin Faransé ti pa á láṣẹ pé kí ogún kan gbogbo ọmọ, àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tí ó bá ti rí bí ilẹ̀ ẹbí ti ń di ege kéékèèké kò ní béèrè ìdí tí olóko kan ní Bourgogne fi lè ní ìlà àjàrà mélòó kan péré, tí ìgò rẹ̀ fún odidi ọdún kò sì pọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní òṣìṣẹ́ tí ń gba àlejò. Òun gan-an ni yóò ti oko dé wá ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, kí àlejò kọ̀wé sí i ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ó dárúkọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì dé lásìkò.

Bí kò bá rí olóko kankan, ìlú Beaune nìkan tó ìran wò. Ní ọdún 1443, Nicolas Rolin àti aya rẹ̀ Guigone de Salins dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tálákà. Àwọn ènìyàn sì ń fi ọgbà àjàrà ta á lọ́rẹ láti ìran dé ìran. Láti ọdún 1859 ni wọ́n ti ń ta ọtí àwọn ọgbà náà ní gbàǹjo, ní ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù kọkànlá, kí owó rẹ̀ lè máa ṣe ìtọ́jú aláìsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí gbàǹjo náà gbọ́dọ̀ gba yàrá tipẹ́tipẹ́.

BORDEAUX ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀WÀ RẸ̀

Bordeaux ni ìlú àwọn ilé ńlá. Ní ọdún 1855 ni wọ́n to àwọn ọgbà Médoc ní ipò kìíní dé ìkarùn-ún, ìtò náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà títí di òní. Ìgbéga Mouton Rothschild sí ipò kìíní ní ọdún 1973 ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ìyípadà rẹ̀. Ilé ìtàn wáìnì tí wọ́n ń pè ní Cité du Vin ṣí ní ọdún 2016 ní etí odò Garonne. Saint-Émilion, ìlú kékeré olókùúta tí àjọ UNESCO dá mọ̀ ní ọdún 1999, kò sì jìnnà sí ibẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó bá dé Bordeaux kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ife nìkan. Nǹkan bí 500 ìrìn-àjò ọkọ̀ ẹrú ni ó gbéra láti èbúté yẹn, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó gba orí òkun lé ní 100,000. Wáìnì àti ìyẹ̀fun Bordeaux ń lọ sí Saint-Domingue, tí ó di Haiti lónìí. Ṣúgà àti kọfí tí ẹrú gbìn ń bọ̀ wá sí Bordeaux. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí erékùṣù náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nago wà. Títí di òní ni wọ́n ń bọ Ògún níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ Nago náà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Musée d'Aquitaine ṣí àwọn yàrá tí ó sọ ìtàn yìí ní ọdún 2009. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé ère Modeste Testas kalẹ̀ ní etí odò, obìnrin ọmọ ìlà-oòrùn Áfíríkà tí àwọn oníṣòwò Bordeaux rà lẹ́rú. Kí arìnrìn-àjò ya òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ibi méjèèjì kí ó tó tọ́ ohunkóhun wò. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ìbànújẹ́ ti òde òní náà wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ará Faransé kan ń mu ju lítà 100 lọ lọ́dún. Lónìí, kò tó ìdajì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Bordeaux tí kò lórúkọ kò rí ọjà tà mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣètò owó ní ọdún 2023 fún àgbẹ̀ tí ó bá gbà láti hú àjàrà rẹ̀ dànù. Àlejò tí ó bá ya ilé irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó sì ra ìgò méjì, ti ṣe ohun tí wọn kò ní gbàgbé.

ÌWÀ NÍDÌÍ ÌTỌ́WÒ

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tí ó bá wọlé láìkí onílé pé "Bonjour" ti ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Lọ́fínńdà olóòórùn líle kò dára, nítorí imú ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Wọ́n a kọ́kọ́ wo àwọ̀ ọtí, wọ́n a gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n a gbé e sẹ́nu díẹ̀, wọ́n a sì tu ú sínú garawa tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un. Títu ọtí dànù kì í ṣe àrífín níbẹ̀. Ẹ̀rí pé ènìyàn mọ ohun tí ó ń ṣe ni.

Ìdí pàtàkì kan tún wà fún un. Òfin Faransé kò gbà kí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ààbọ̀ gíráàmù nínú lítà kan wa ọkọ̀, ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ọkọ̀ sì kéré sí i púpọ̀. Ife kékeré mẹ́ta ní ilé mẹ́ta lè tó ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè tó ikú. Kí ẹni tí yóò wakọ̀ má tọ́ ọ wò rárá, tàbí kí wọ́n gba awakọ̀. Ilé méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ ti tó. Kí wọ́n sì jẹun dáadáa láàárín wọn.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láàyè láti mu ọtí kò ṣe àṣìṣe bí ó bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ihò ẹfun Reims, ilé ìwòsàn Beaune àti yàrá ìtàn Bordeaux kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni gbé ife sẹ́nu, kò sì ṣọ̀wọ́n kí olóko kan ní omi èso àjàrà tí kò tíì di ọtí fún ọmọdé àti àlejò.

ÌGÒ TÍ Ó BỌ̀ WÁLÉ

Ìgò tí ènìyàn bá rà gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù tí yóò lọ sí ikùn ọkọ̀ òfurufú, kí ó fi aṣọ wé e dáadáa, nítorí wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbi àyẹ̀wò bí ó bá wà nínú àpò ọwọ́. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Òkè Ọya lè ba ọtí tí ó sùn fún ọdún mẹ́wàá nínú ihò tútù jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ó tutù, tí ó ṣókùnkùn, ni kí wọ́n dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí, kí wọ́n má sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i fún ẹbí àti ọ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ náà, ohun tí arìnrìn-àjò yóò sọ yóò ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Yóò sọ bí àwọn ará Faransé ti fi òfin dáàbò bo orúkọ ilẹ̀ wọn, pàápàá láti ọdún 1935, kí ẹlòmíràn má lè fi tà. Yóò sì rántí pé àwọn adẹ́mu ilé náà mọ ìyàtọ̀ ẹmu ọ̀pẹ sí ògùrọ̀ láti inú òórùn rẹ̀ nìkan, wọ́n sì mọ ọ̀pẹ tí ó dára jù nínú oko, ṣùgbọ́n ìmọ̀ púpọ̀ nínú èyí wà nínú orí wọn nìkan, kò sí nínú ìwé. Bóyá ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n bá jókòó tì í yóò mú kálámù.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé oko baba òun ni ó tóbi jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé e, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ó bá fi oṣù mẹ́fà ṣètò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá yóò tó o.